Ẹ̀rọ gàrí lẹ́yìn kíláàsì: bí a ṣe ń kọ́ ọmọ oko láti ṣọ́ etí rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé kan lápá Ọ̀yọ́. Ẹ̀rọ gàrí méjì ló wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa, wọn kì í sinmi, pàápàá tí ọjà bá ku ọ̀la. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ń ran ìyá wọn lọ́wọ́ níbẹ̀ tá a bá ti jáde. Àwọn kan máa ń ki òwú bọ etí. Mo fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo etí wọn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ káwọn òbí rò pé mo fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ọmọkùnrin kan tún wà, ọmọ ọdún 10. Tí mo bá ń pe àpèkọ, nǹkan mìíràn ló máa ń kọ. Ìyá àgbà rẹ̀ ní olóríkunkun ni. Ṣé ó lè jẹ́ etí ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra, olùkọ́ wa. Kí n tètè sọ èyí tó ká mi lára jù: ẹ má fi fóòmù etí, ìyẹn ohun rírọ̀ tí wọ́n ń ki bọ etí láti dín ariwo kù, bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò nídìí ẹ̀rọ, tó sì mọ ibi tó yẹ kó jókòó sí, ti dáàbò bo etí rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Fóòmù wúlò, n ó débẹ̀, àmọ́ ó ń tán, ó ń sọnù, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó kù, ọwọ́ àwa àgbà ló wà, torí ọmọdé kọ́ ló gbé ẹ̀rọ síbi tó wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú etí, nítorí ọmọ kì í pẹ́ gbàgbé òfin tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ìró á wọlé, á lu ìlù etí, ìlù etí á mi egungun kéékèèké mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yẹn á sì ti ìró náà wọ inú ibì kan tó lọ́ po bí ìkarahun ìgbín. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Ohun tíntìntín bí 15,000 ló tò síbẹ̀ nínú etí kọ̀ọ̀kan, ojú lásán ò lè rí wọn, irun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Tí ìró bá dé, irun wọ̀nyí á mì, iṣan á sì gbé ìròyìn náà lọ bá ọpọlọ. Ariwo líle máa ń tẹ̀ wọ́n lórí ba. Tó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè tún nàró. Ìdí nìyẹn tí etí fi máa ń dí, tàbí kó máa hó yìnnn, lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ jókòó ti sípíkà níbi òde àríyá, tára á sì tún balẹ̀ tó bá di ọjọ́ kejì. Tó bá wá di ojoojúmọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí tó bá kú, kò sóògùn tó ń jí i.

Adìẹ sàn jù wá níbí. Láàárín ọdún 1987 sí 1988 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé bí ariwo bá ba tinú etí adìẹ jẹ́, òmíràn máa ń hù rọ́pò rẹ̀. Ti ọmọ ènìyàn kì í hù. Mo fẹ́ràn láti máa sọ èyí fáwọn ọmọ oko: adìẹ tó ń ṣa èérún pákí jẹ lábẹ́ ẹ̀rọ yẹn, tiẹ̀ á padà bọ̀ sípò, ti ẹni tó ń lé e kò ní padà. Inú máa ń bí wọn sí adìẹ. Wọn kì í sì í gbàgbé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í dunni. Iná jó ọmọ, á ké. Ariwo ń jó o, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ ń jó sí i.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ariwo ṣe ń pọ̀ tó kó tó di ewu. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọ̀n ọ́n. Èèyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ máa ń wà ní nǹkan bí 60. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, fi ààlà sí 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́. Tí ariwo bá fi 3 péré lé sí i, àsìkò á gé sí ìdajì: 88 jẹ́ wákàtí 4, 91 jẹ́ wákàtí 2, 94 jẹ́ wákàtí kan, 100 sì jẹ́ ìṣẹ́jú 15 péré. Ẹ̀rọ gàrí tó ń mu dísẹ́lì sábà máa ń kọjá 90 fún ẹni tó dúró tì í. Katakata tí awakọ̀ rẹ̀ jókòó sí gbangba lè máa bá 100 du ipò, ẹ̀rọ agégi sì máa ń kọjá 105. Àgbàlagbà òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe ààlà yẹn fún o. Àjọ náà fúnra rẹ̀ sì sọ pé ní 85 yẹn, nǹkan bí 8 nínú 100 òṣìṣẹ́ tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ayé wọn gbọ́ ọ ṣì máa pàdánù nínú ìgbọ́ràn wọn nítorí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ka wákàtí 8 sí ohun tí ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí. Kó ṣe kéré sí i ni.

Ẹ ò nílò irinṣẹ́ kankan láti fi èyí kọ́ ọmọ. Ẹ kó ọmọ méjì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí ọ̀kan na apá rẹ̀ tán kó fi ìka kan èjìká ìkejì, kí wọ́n wá bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ra, ibẹ̀ ti le jù fún etí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn kúrò lẹ́sẹẹsẹ títí tí wọ́n á fi lè sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí wọ́n wá fa ìlà sílẹ̀ níbẹ̀. Ìlà yẹn ni ààlà àwọn ọmọ kíláàsì yín. Àwọn ló fà á fúnra wọn, ìyẹn ló jẹ́ kó lágbára ju èyí tí olùkọ́ kọ sára pátákó.

Ìdí tí ẹsẹ̀ fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ rèé. Ní gbangba, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ẹ̀rọ, ariwo máa ń fi nǹkan bí 6 lọ sílẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 100 ní ìṣísẹ̀ kan. Ní ìṣísẹ̀ 2 á di 94, ní ìṣísẹ̀ 4 á di 88, ní 8 á di 82, ní 16 á di 76. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún kò ju ìbú àgbàlá lọ. Ẹ kàn rántí pé kì í rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ páànù. Nínú ahéré tí wọ́n fi páànù bò tí wọ́n sì mọ ògiri yí ká, ariwo á máa ta padà, ọmọ tó wà ní kọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí i pé ìró ní agbára, ẹ mú agolo wàrà ńlá kan tẹ́ ẹ ti gé òkè rẹ̀, ẹ fi láílọ́ọ̀nù bò ó, ẹ fà á le dáadáa kẹ́ ẹ sì fi rọ́bà dè é. Ẹ da ìrẹsì gbígbẹ tí a kò tíì sè díẹ̀ sórí rẹ̀. Kí ọmọ kan wá gbé ìlù tàbí páànù àtijọ́ sún mọ́ ọn, kó lù ú láìfọwọ́ kan agolo. Ìrẹsì á máa fò sókè. Ẹ bi wọ́n pé, "Ta ló fọwọ́ kàn án?" Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Láílọ́ọ̀nù yẹn ni ìlù etí wọn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé ìlù jìnnà, kí wọ́n tún lù ú bákan náà, kí wọ́n wo ohun tí ìrẹsì máa ṣe. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọ́n á tún un ṣe nílé, lójú ìyá wọn. Ìyẹn gan-an la ń wá.

Fún ti irun inú etí, ẹ kó wọn lọ sórí pápá. Kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra koríko tútù lórí, koríko á tún dìde. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ tí gbogbo abúlé ń tọ̀ hàn wọ́n, ibi tí koríko ò hù mọ́. Ẹ má sọ púpọ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àwọn òbí, ibẹ̀ sì ni mo rí pé ọkàn yín wà. Ẹ má lọ bá wọn pé ọmọ ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ lọ bá wọn lórí ibi tí iṣẹ́ wà. Tẹ́ ẹ bá wo ibùdó gàrí dáadáa, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tọ́mọdé ń ṣe níbẹ̀ kò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rárá. Pákí ni wọ́n ń bó, omi ni wọ́n ń pọn, gàrí ni wọ́n ń jọ̀. Wọ́n kàn ń jókòó ti ẹ́ńjìnnì nítorí ibẹ̀ ni òjìji wà, ibẹ̀ sì ni pákí já sí látorí ọ̀kadà. Kí wọ́n gbé ibi ìbó pákí lọ sábẹ́ igi kan lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìlà táwọn ọmọ fà. Iṣẹ́ kò dín, owó kò dín. Èyí tí mi ò ní fi bọpo bọyọ̀ ni ti ọmọ tó ń ki pákí sẹ́nu ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún 10 kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀. Kí etí tó di, bẹ́líìtì lè ti mú aṣọ rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ sì lè ti mú ìka.

Ẹ bá ẹni tó ni ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Ẹ wo sàlẹ́ńsà ẹ́ńjìnnì yẹn. Lọ́pọ̀ ibi, ti àtilẹ̀wá ti jẹrà tipẹ́, páìpù gbọọrọ lásán ni wọ́n jó mọ́ ọn, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa dún bí ìbọn. Wẹ́dà tàbí mẹkáníìkì lè fi sàlẹ́ńsà gidi síbẹ̀, kó sì kọ ẹnu rẹ̀ sápá oko dípò apá kíláàsì. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ohunkóhun sáàárín ẹ̀rọ àti ilé ẹ̀kọ́, ògiri búlọ́ọ̀kù tàbí ti alámọ̀ ni kí wọ́n mọ, kó ga ju ẹ̀rọ lọ, kó má sì ní ihò. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gbin igi. Igi dára fún òjìji, àmọ́ ọ̀wọ́ igi kan ṣoṣo kì í dá ariwo dúró. Ó tún ṣeé ṣe kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí àsìkò: kí lílọ pákí bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn táwọn ọmọ bá jáde, àyàfi lọ́jọ́ tí ọjà bá ku ọ̀la. Òfin wà o. Àjọ NESREA ti ìjọba àpapọ̀, tó ń bójú tó àyíká, ní ìlànà lórí ariwo láti ọdún 2009, ní Èkó sì rèé, LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀, máa ń ti ilé iṣẹ́, ilé ijó, kódà ilé ìjọsìn pa nítorí ariwo. Ṣùgbọ́n ní abúlé, ẹni tó bá fi òfin ṣíde ọ̀rọ̀ sábà máa ń fi ìjà parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú fóòmù wá báyìí. Fún ọmọ tó dàgbà díẹ̀ tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó lè jìnnà, fóòmù rírọ̀ tí wọ́n ń tà nílé oògùn tàbí níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò òṣìṣẹ́ dára, tó bá mọ̀ ọ́n lò. Kó kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ: ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára ata kò gbọdọ̀ débi etí. Kó lọ́ fóòmù láàárín ìka títí tá á fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná. Kó gbé ọwọ́ kejì gba orí kọjá, kó fa etí sókè kó sì fà á díẹ̀ sẹ́yìn, kó rọra ti fóòmù wọlé, kó wá fi ìka dì í mú nígbà tó bá ń wú padà, bí ẹni ka ení dé 30. Tó bá wọlé dáadáa, ohùn òun fúnra rẹ̀ á máa dún létí rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Kó wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí méjèèjì nídìí ariwo: bí ariwo bá tún lọ sílẹ̀ gan-an, fóòmù ò wọlé tó, kó yọ ọ́ kó tún un ṣe. Ẹnì kan kì í yá ẹlòmíràn ní tirẹ̀. Kó yọ ọ́ kó tó sọdá títì. Ọmọ kékeré tó ṣì ń ki nǹkan bọ ẹnu kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, ó lè há a lọ́fun.

Ìbotí ńlá tó dà bí ẹ́ẹ̀dìfóònù ló rọrùn jù fún ọmọdé, a sì ń rí èyí tó mọ níwọ̀n orí wọn. Ó ní láti fara kan awọ orí yí ká. Irun dídì tó nípọn, fìlà, tàbí híjáàbù tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á ṣí àyè sílẹ̀ fún ariwo; ẹ jẹ́ kí híjáàbù bò ó látòkè.

Òwú ńkọ́? Òwú lásán kò ṣe nǹkan gidi kan. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ọmọ rò pé òun ti dáàbò bo ara òun, á wá jókòó pẹ́. Ìka tó dí etí pa dáa ju òwú lọ fíìfíì, ó sì wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ kọ́ wọn pé bí ẹ̀rọ agégi bá ń kọjá, tàbí ọ̀kadà tí kò ní sàlẹ́ńsà, ìka wọ etí kíá, ká sì máa lọ.

Ìka yẹn ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ tí ìbọn bá ń dún. Àwọn ọdẹ ń sìnkú àgbà ọdẹ, wọ́n ń yin ṣakabùlà, àwọn ọmọ á sì kóra jọ sẹ́sẹ̀ wọn. Tàbí ọdún Kérésì, tí bánńgà ń bú. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ gàrí, nítorí kì í dúró de ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó láti ba etí jẹ́ títí ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà irú ìró òjijì bẹ́ẹ̀ sí 140 fún àgbàlagbà, 120 fún ọmọdé. Ìbọn sì máa ń kọjá 140 nítòsí ẹni tó ń yìn ín. Kí ọmọ jìnnà réré, kí ìka sì wà létí kó tó dún. Bánńgà tí wọ́n ń jù sẹ́sẹ̀ ara wọn, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀rọ àti ibi tí wọ́n gbé e sí, ju ẹ̀kọ́ inú kíláàsì lọ. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ oko pọ̀ sí, wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama nípa etí láwọn ọdún 1990. Wọ́n ń yẹ etí wọn wò, wọ́n fún wọn ní ohun ìdíti lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń rán wọn létí lemọ́lemọ́. Àwọn ọmọ náà lò ó dáadáa nígbà yẹn, ju àwọn tí wọn kò kọ́ lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà lọ bá wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 16, ibi ìbọn yíyìn ni àǹfààní ẹ̀kọ́ yẹn ti hàn jù. Nídìí ẹ̀rọ oko, díẹ̀ ló ṣì ń lò ó, etí wọn kò sì sàn ju ti àwọn tí wọn kò kọ́. Ó yé mi. Ìbọn máa ń ya èèyàn lẹ́nu, ẹ̀rọ oko máa ń mọ́ni lára. Nítorí náà, bí ìyá kan bá gbà láti gbé ibi ìbó pákí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo kà á sí ju páálí fóòmù kan lọ.

Ẹ sì máa rán wọn létí lọ́dọọdún. March 3 ni ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ìgbọ́ràn. Ẹ lè fi ọjọ́ náà pe ìpàdé òbí àti olùkọ́, káwọn ọmọ fi agolo àti ìrẹsì wọn dárà lójú àwọn àgbà.

Ní ti ọmọkùnrin yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ etí, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni tún pè é ní olóríkunkun títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo ìwé àpèkọ rẹ̀. Ariwo máa ń kọ́kọ́ ba ibi tí etí fi ń gbọ́ ohùn tó tín-ín-rín jẹ́, àwọn bíi s, ṣ, f, t, k. Fáwẹ̀lì àti ohùn òkè òun ìsàlẹ̀ ṣì máa ń wọlé ketekete. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á gbọ́ "ọ́" tó wà nínú "fọ́", kò ní mọ̀ bóyá "fọ́" ni, "ṣọ́" ni, "tọ́" ni tàbí "kọ́". Á kàn mú ọ̀kan. Bí àṣìṣe rẹ̀ bá pọ̀ sápá ibẹ̀, tí àmì ohùn rẹ̀ sì máa ń tọ̀nà, ẹ fura. Ẹ lè fi ìwé bo ẹnu yín, kẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, kẹ́ ẹ pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó máa tún un sọ. Ẹ wò ó bóyá ẹnu yín ló máa ń tẹjú mọ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, bóyá ó máa ń ní "hẹn?" ṣáá, bóyá ó máa ń sọ pé etí òun ń hó.

Síbẹ̀, ariwo kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí lọ́mọ ọdún 10. Ìdọ̀tí etí tó dì, omi tàbí ọyún lẹ́yìn ìlù etí, àìsàn yírùnyírùn tó ṣe é rí, abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gún un nígbà tó ṣàìsàn líle: gbogbo ìyẹn ń ba ìgbọ́ràn jẹ́, òmíràn nínú wọn sì ní ìtọ́jú. Kí ìyá àgbà má ṣe kán òróró sí i, kó má fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná ro ó. Bí etí bá ń sun, a kì í fi fóòmù dí i. Ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, kí wọ́n yẹ inú etí wò. Tó bá yẹ, wọ́n á fi ìwé rán wọn lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH ní Ìbàdàn. Kí wọ́n mú ìwé àpèkọ náà dání, ó máa ràn wá lọ́wọ́. Kó tó dìgbà náà, ẹ gbé àga rẹ̀ wá síwájú, níbi tó jìnnà jù sí fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì dúró síbi tó ti lè rí ẹnu yín kẹ́ ẹ tó pe ọ̀rọ̀.